Àlàfo Ilé Wa Létí Òkun

"Màmá àgbà, ilé yín ìgbà yẹn dà?"

Ohun tí Fàrídà, ọmọ ọmọ mi, bi mí nìyẹn nígbà tá a dé etí òkun lánàá. Mo wo Múfú ọmọ mi, bàbá rẹ̀. Ògiri gàgàrà ni gbogbo ohun tó wà níwájú wa. Ẹ wá jókòó lálẹ́ yìí, iná ò kúkú sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, abúlé apẹja ni ibẹ̀ yẹn. Ilé pákó, òrùlé páànù. Ilé wa wà láàárín ti Ìyá Sídí àti ti Àlàájì. Bí mo bá ń yan ẹja, èéfín á bá Ìyá Sídí dórí ẹní. Wọ́n á pariwo, "Ìyá Múfú, ṣé ẹja lò ń yan ni àbí èmi?" Lónìí ńkọ́? Mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni katapílà dé. Ẹ gbọ́, wọn ò jẹ́ ká kó ìkòkò. Ọkọ mi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí kóòtù dá sí i ná." Ohun tí ọkọ mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn... Ìbọn dún. Títí dòní, kò sẹ́ni tó bi ẹni tó yìn ín léèrè ohunkóhun.

Látìgbà náà, lọ́dọọdún, àwọn ará abúlé máa ń pàdé létí òkun, lẹ́yìn ògiri ẹ́sítéètì tí wọ́n kọ́ sórí ilé wa. Èmi ò lọ rí. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí Múfú ló ń bà mí. Ojú bàbá rẹ̀ ló ní, ẹnu bàbá rẹ̀ ló ní. Mo rò pé bí kò bá gbọ́ ìtàn yẹn, kò ní sọ̀rọ̀ bíi bàbá rẹ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tá a wà yìí náà. Ìpàdé ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ wó o, àwọn ará àdúgbò sì ní kí Múfú bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Kì í ṣe lójú ayé mi." Ló bá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síbi ìrántí yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kò sí ìwàásù níbẹ̀. Oníkálukú á lọ dúró sórí iyanrìn bí ilé ṣe tò nígbà yẹn, bí ẹni pé abúlé ṣì wà. Wọ́n á pe ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ín á ní, "A wà ńlé o!" Èmi náà lọ dúró. Ni Ìyá Sídí bá kígbe látorí àga, torí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́: "Ìyá Múfú! Ilé Àlàájì lo wọ̀ yẹn! Ṣé o ti fẹ́ Àlàájì láìsọ fún wa ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Sídí wá fọ̀pá tọ́ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àlàfo kan wà níbẹ̀.

"Ibi tìẹ nìyẹn. A kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró síbẹ̀. Lọ́dọọdún la máa ń pè yín, a ó dákẹ́ díẹ̀, ká tó kọjá."

Ẹ gbọ́... gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n ń pe ilé ọkọ mi. Ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ọmọ rẹ̀ wà láyé. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo bọ́ sínú àlàfo náà. Wọ́n pè wá. Mo dáhùn. A wà ńlé o.

Fàrídà, ibi tí mo dúró sí yẹn, tó o ti ń fẹsẹ̀ wa iyanrìn, ilé wa nìyẹn. Bí wọ́n bá pè ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mi ò sí mọ́, má dákẹ́.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ a jọ ń lọ lọ́la ni, Múfú. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo máa dúró sí. Ṣé o gbọ́?

Múfú?... Fàrídà?

Wọ́n ti sùn. Ẹ wo bí Múfú ṣe ń hanrun... Báyìí gan-an ni bàbá rẹ̀ ń hanrun lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ẹ sùn. Èmi ni mo máa jí yín.