Dókítà Kọ́ Ló Ṣi Èsì Ọmú Ẹ̀gbọ́n Mi, Èmi Ni Mo Parọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan wà tí mo pa nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà kékeré, mo sì fi pamọ́ títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹni tí mo parọ́ fún ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lóṣù tó kọjá, ara ti ń fúyẹ́ mi láti ìgbà náà. Ó ku ẹnì kan tí mi ò rí. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àǹtí Dúpẹ́, ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ẹja ló ń yan tà ní abúlé wa tó wà lórí omi, lẹ́bàá ìlú Zion Pepe. Ẹja yẹn ló fi rán mi níwèé. Mo wá ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Igbókòdá, òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn wà lórí omi.

Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi, ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan ọmú rẹ̀ òsì. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan lókè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà ibẹ̀, ará Ọ̀yọ́, kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gé díẹ̀ nínú kókó náà, ó ní wọ́n máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí n padà wá gba èsì. Àǹtí Dúpẹ́ padà sílé.

Kí èsì tó dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí omi láàrin àwa àti ẹ̀yà tó múlé gbè wá. Wọ́n ń sun abúlé. Wọ́n ń dá ọkọ̀ lọ́nà, wọ́n ń yìnbọn.

Mo lọ gba èsì náà. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ó mú bírò, ó ya nǹkan róbótó kékeré kan sí ẹ̀yìn ìwé. Ó fa àwọn ìlà tín-ín-rín lọ síbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo.

Ó ní, "Kókó yìí kò lè tóbi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Torí náà, ó máa ń pe àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí kí wọ́n hù wá bá òun. Tí wọ́n bá ti dé, ó ti rí oúnjẹ nìyẹn. Inú iṣan yẹn kan náà ló sì máa ń gbà lọ sí ibòmíràn nínú ara. Wọ́n ti rí iṣan tuntun nínú ti ẹ̀gbọ́n yín. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ṣé ẹ máa lè mú wọn wá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Láti ibẹ̀, mo lọ sí èbúté kí n lè wọ ọkọ̀ lọ mú un wá. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ọta ìbọn ti lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé obìnrin kan jáde nínú rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Mi ò wá ọkọ̀ mọ́. Mo padà sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan ládùúgbò wa ní òun máa gba àárín igbó ẹ̀gbà, àwọn igi oní-gbòǹgbò tó ń hù nínú omi, lọ sí abúlé wa, òun máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Ó ní, "Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ní kí n wá mú un, torí èmi ni mo mọ ilé ìwòsàn. Mo máa wọ ọkọ̀. Ẹ̀rù ikú bà mí. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní kò sí nǹkan kan. Wàrà ló dì."

Mo sọ fún ara mi pé tí ìjà bá ti rọlẹ̀, màá lọ sọ òótọ́ fún un. Ìyá náà padà wá pẹ̀lú ẹja yíyan. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́, ó ní kí n fún dókítà nínú rẹ̀, kí n bá òun dúpẹ́. Mi ò lè jẹ ẹja yẹn. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún onílé mi.

Oṣù márùn-ún kọjá kí omi tó rọ̀. Àǹtí Dúpẹ́ àti ọkọ rẹ̀ wá sílé mi. Bó ṣe ń wẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pè mí pé kí n bá òun fọ ẹ̀yìn. Mo rí ọmú náà. Kókó yẹn ti tó ọsàn. Iṣan ti yọ lára awọ, wọ́n pọ́n, wọ́n wú, wọ́n tàn ká bí gbòǹgbò ẹ̀gbà. Ohun tí dókítà yà sẹ́yìn ìwé ni mò ń wò.

Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé wàrà náà ṣì nìyí?"

A sáré lọ sí ilé ìwòsàn, àwa méjèèjì àti ọkọ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ bi mí pé, ṣebí dókítà ní kò sí nǹkan? Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní dókítà ló ṣi èsì, pé ti ẹlòmíràn ló kà fún mi.

Ọkùnrin náà já wọlé, ó gbá dókítà lọ́rùn aṣọ mú, ó pè é ní apànìyàn lójú gbogbo aláìsàn. Dókítà wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀. Ó rọra bọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà kúrò, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú wọn."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ ìwé tó gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá. Kí a tó lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tíṣà, mi ò ní tú yín fó. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún wọn."

Mi ò sọ. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Awoye létí òkun. "Dókítà tó ń ṣi èsì" ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin wa kọ̀, wọn ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa.

Wọ́n gé ọmú Àǹtí Dúpẹ́. Oògùn jẹ́ kí gbogbo irun orí rẹ̀ re. Ṣùgbọ́n kò kú. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, ó ṣì ń yan ẹja.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin rí kókó nínú ọmú tirẹ̀. A ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, ó kọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí dókítà ló ṣi tiyín? Mi ò lọ síbì kankan."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Àǹtí Dúpẹ́ kàn ní, "Ìwọ?" Ó dìde, ó wọlé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wá sílé mi.

"Ká ní mo kú ńkọ́?"

Mo ń sunkún.

Ó ní, "Mi ò kú. Ó dùn mí o, kò tíì tán nínú mi. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́. Ti dókítà yẹn ló kù. Títí ọjọ́ tí ọkọ mi kú ló ń bú u. Lọ wá a rí."

Ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, mi ò fọwọ́ kan ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á, tó kà á. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sùn lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ ọwọ́.

Mo ti béèrè dókítà náà kiri, wọ́n ní ó ti kúrò nílùú, wọn ò mọ ibi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè rí i? Ṣé kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan lórí omi, kí n sọ ọ́? Tí ẹ bá ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, màá ṣe é.

Dókítà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ka èyí, ẹ kò ṣi èsì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi wà láyé. Ó ní kí n bá òun kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí.