Ẹ̀rọ Àyà Curdin

Ẹ̀yin amọ̀nà òkè, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹ̀dọ̀fóró mi kò gba ìdúró mọ́. Dókítà ní ó ṣòro kí n rí yìnyín ọdún tó ń bọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi lọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti tó kí òtítọ́ bá a. Ladina, ìwọ tí o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni. Mo bẹ̀ ọ́, má dìde títí n ó fi parí.

Gbogbo yín mọ àṣà wa láràárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi pákó síkì ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò níwájú ilé orí òkè, aṣáájú á dúró lójú ọ̀nà, á yí ẹ̀rọ kékeré tó so mọ́ àyà rẹ̀ kúrò ní kíké sí gbígbọ́, a ó sì máa kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè gbọ́ bóyá ẹ̀rọ kálukú ń ké. Bí yìnyín bá bo ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ké, a ò ní mọ ibi tí a ó gbẹ́. Ẹni tó kẹ́yìn kì í kàn kọjá lọ. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí aṣáájú yí tirẹ̀ padà sí kíké, kí òun náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Curdin ni aṣáájú. Mo fi ọdún méje jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń yí síkì lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà bí ògiri, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń fi ọ̀pá wádìí yìnyín kí a tó gbára lé e. Ṣùgbọ́n òun ni ẹgbẹ́ fi ṣe olórí lọ́dún náà. Owú ni mo ń jẹ, n kò ní fún un lórúkọ mìíràn. Nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Duri, ẹ dúró díẹ̀, ẹ bá mi yẹ tèmi wò."

Mo ní, "Ta ni mí tí n ó máa yẹ ọ̀gá wò?" Mo sì yọ̀ kọjá lọ.

Ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ó ní, "Àgbà yìí, inú yín ò tíì rọ̀ síbẹ̀." Bóyá ẹ̀rín yẹn ló mú un gbàgbé. Ó sáré kọjá wa lọ síwájú, ẹ̀rọ àyà rẹ̀ sì wà ní gbígbọ́.

Afẹ́fẹ́ òru ti kó yìnyín tuntun jọ sí ìhà àríwá òkè. A dúró lẹ́yìn bó ṣe yẹ, kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọjá lẹ́ẹ̀kan. Curdin ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, kí ewu má bàa kan ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà ya, ó sì gbé e lọ. A yí ẹ̀rọ tiwa sí gbígbọ́. Kò sí èyí tó dún. Àwọn yòókù rò pé ẹ̀rọ àwọn ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n èmi mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá gígùn la fi ń gún yìnyín káàkiri, títí àádọ́ta ìṣẹ́jú fi kọjá kí a tó kàn án, ó sì ti kú. Àwọn kan ń nu ojú rẹ̀, èmi ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ àyà rẹ̀, mo sì rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà ní gbígbọ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá bi mí, mo ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ké dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ti yí i padà sí gbígbọ́ lọ́nà." Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí pé àgbà ni mí. Gbogbo abúlé ń sọ pé aṣáájú wo ló ń pa ẹ̀rọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ orúkọ àwọn amọ̀nà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ sára òkúta ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fo tirẹ̀, mo sì wà níbẹ̀.

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Rárá o. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ náà bá pé, Ladina máa ń gbé kéèkì awùsá wá sílé mi. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí ji Curdin. Ó kó gbogbo yín sínú ewu lọ́jọ́ náà." Ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀. Èmi náà á ní mo ti forí jì í. Lẹ́yìn náà, n ó jẹ kéèkì náà. Ojú ń tì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá kẹ́yìn, kó dúró. Ìbáà ṣe pé o kórìíra aṣáájú rẹ, dúró kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ orúkọ Curdin sára òkúta yẹn kí yìnyín tó dé. Ladina, o kò ní láti dá mi lóhùn lónìí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá pé, tí mo bá ṣì wà, má gbé kéèkì wá mọ́. Èmi ni n ó wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ, èmi ni ojú mi yóò wà nílẹ̀.