Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo tọrọ àyè kí ìpàdé yìí tó túká. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún tó kọjá, kò sì dà nínú mi. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè bí ọkọ mi ṣe gbé tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Àfáà Abdussamad tó jókòó lọ́hùn-ún ti sọ pé ní Sátidé yìí lòun máa mú Hafsoh ọmọ òun kúrò níléèwé wa lọ bá ìyá òun ní Ìlọrin, nítorí pé ọmọ náà lórí kunkun. Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó di ẹrù rẹ̀. Hafsoh kò lórí kunkun. Èmi Roseline Sàlàkọ́ ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń kólòlò. Bí aago ìpadàsílé bá ti lù, a ó jókòó yí ká nínú kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo ń kọ́ wọn láti mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu, láti máa fi ìka lu orúnkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, láti fa ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin. Nígbà míì màá rán wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá elẹ́pà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fẹnu ara wọn béèrè pé "Nawa ne?", ìyẹn èló ni lédè Haúsá, kí wọ́n má kàn nàka. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ṣe òfin náà ni mo rú u.

Bí akólòlò àti ẹlòmíràn bá jọ ń kàwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n rẹ̀ sábà máa ń tú. Hafsoh tí àwọn ọmọ àdúgbò Limawa ń pè ní "mai in'ina", akólòlò, tí wọ́n máa ń sín jẹ, tó lè dúró lórí orúkọ ara rẹ̀ títí omi á fi lé e lójú, bí Arifah ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti bá a kàwé pọ̀, geere ni. Ó yẹ kí Arifah máa dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí Hafsoh á fi lè dá kàwé, bí a ṣe ń jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìyẹn ń fẹ́ sùúrù. Ọ̀gá iléèwé wa nígbà náà sì ti sọ fún mi pé, "Àǹtí, orúnkún lílù yìí ti pẹ́ jù o. Tí àwọn àlejò ò bá rí èso rẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún, ẹ dá kíláàsì mi padà." Ẹ̀rù bà mí nítorí àwọn ọmọ náà. Irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: ẹ̀rù bà mí nítorí orúkọ mi.

Ọkọ mi ló ni sípíkà tí a lò lọ́jọ́ àjọ̀dún náà. Iṣẹ́ fífi sípíkà háyà ló ń ṣe ní Kpakungu nígbà ayé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa maíkì tó wà lọ́wọ́ Hafsoh, kó sì tan òmíràn fún Arifah lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó wò mí, ó ní, "Roseline, ṣé kì í ṣe ọmọ yẹn ló yẹ ká gbọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni." Ó ṣe é nítorí tèmi. Hafsoh dúró níwájú yín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn Arifah ń jáde. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá Hafsoh ka tirẹ̀ já geere, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Àfáà, ẹ fi etí agbádá nujú, ẹ ń pariwo, "Alihamudulilahi! Ọmọ mi sọ̀rọ̀!" Hafsoh fà mí láṣọ, ó ní, "Àǹ... Àǹ... Àǹtí, ẹ sọ fún wọn." Mo ní, "Dákẹ́." Ọmọ tí mo ń kọ́ láti sọ̀rọ̀ ni mo ní kó dákẹ́.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí Hafsoh parí Àlùkùránì, Àfáà ṣe wòlímà fún un, wọ́n sì pè mí. Ọmọ náà ké e láìdúró, nítorí kíké máa ń gbé ohùn rẹ̀ lọ bí orin. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà tó ti Ìlọrin wá, bó ṣe sọ̀rọ̀ níléèwé. Hafsoh gba maíkì. "Mo dú... mo dú... mo dú..." Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Kai, rédíò ti há!" Inú bí Àfáà. "Haba! Ó sọ̀rọ̀ fún àjòjì, kò lè sọ̀rọ̀ fún bàbá tó bí mi?" Àfáà yíjú sí mi níwájú gbogbo àwùjọ. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ṣé ó lè sọ ọ́ àbí kò lè sọ ọ́?" Hafsoh wò mí. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń lu itan rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. Èmi ló ń wò fún ìrànlọ́wọ́. Mo ní, "Ó lè sọ ọ́, Àfáà. Tó bá fẹ́ ni." Ìka náà dúró.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ níléèwé yìí. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ lásìkò òjò, ó ní, "Roseline, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wà lọ́rùn àwa méjèèjì. Lọ sọ ọ́." Mo ní màá sọ ọ́. Ó kú, n kò sọ ọ́. Àwọn èèyàn wá bá mi kẹ́dùn nílé wa ní Soje, ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu wọn bí omi, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára. Bẹ́ẹ̀ ni Hafsoh wọlé, ó kúnlẹ̀, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu orúnkún. "Ẹ kú... ẹ kú a... a..." Aládùúgbò mi kan fẹ́ bá a parí i, mo nawọ́ dá a dúró. Ó pẹ́. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Àǹtí." Nínú gbogbo ìkíni tí mo gbà, òun nìkan ló wúwo tó ẹni tí mo pàdánù.

Àfáà, mo mú yín bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí. Arifah, mo fi ohùn dáadáa rẹ purọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ tó há lẹ́nu ọmọdé kì í ṣe ìtìjú. Irọ́ tó yọ̀ jáde lẹ́nu àgbà ni ìtìjú. Hafsoh, mo ti ká aṣọ ìkélé yẹn kúrò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wò ó, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Maíkì yìí sì wà ní títàn. Bí o kò bá fẹ́ sọ nǹkan kan, jókòó sáyè rẹ, ọmọ mi. Bí o bá sì ní ohun tí o fẹ́ bá bàbá rẹ sọ, máa bọ̀. Gbogbo wa máa dúró títí o ó fi sọ ọ́ tán.