Bí Àwẹ̀ró Ṣe Mú Ọjọ́ Àìkú Dúró

Ní ayé àtijọ́ tí mo fẹ́ mú yín lọ yìí, kò sí kàlẹ́ńdà lára ògiri, kò sí rédíò tí yóò sọ pé òní ọjọ́ báyìí. Fóònù tí ẹ̀yin ọmọ ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru yìí, ẹnì kan kò tíì lá àlá rẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Nígbà náà, abúlé wa, Òkè-Ìsà, kò ju agboolé mẹ́fà lọ. Odò Ìsà wà nísàlẹ̀, igbó wà lókè, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wà láàárín, ògiri amọ̀, òrùlé bẹẹrẹ, ilẹ̀kùn tí kì í tì dáadáa. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn ọmọ ìjọ fi kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni, ṣùgbọ́n tiwọn ni.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, opó ni, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ìgbà tó ṣe ìrìbọmi ni wọ́n fi Àgátà kún un. Òun ló bí ẹni tó bí bàbá tó bí mi. Ó ga, ó dúdú, ó sì lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lẹ́nu! Ẹ má wo ojú mi, ẹ wo Fèyíṣará tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn yẹn, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi sí ìkáwọ́ Àwẹ̀ró, kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Fadá Ansẹ́lìmù, òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń gun kẹ̀kẹ́, ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà. Míṣọ̀n rẹ̀ jìnnà, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko ni, abúlé tó sì ń tọ́jú kò lóǹkà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe Máàsì ní Òkè-Ìsà, ọjọ́ Àìkú ni, ó pe Àwẹ̀ró síwájú gbogbo ìjọ.

Ó ní, "Ìyá Àgátà, ẹ̀yin ni mo fi ọjọ́ Olúwa lé lọ́wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ keje, ẹ lu agogo, kí gbogbo ìjọ péjọ, kí wọ́n gbàdúrà, bí mo wà, bí n kò sí."

Àwẹ̀ró dáhùn pé, "Ó ti yé mi, Fadá."

Kò yé e o. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Báwo ni àwa ṣe ń ka ọjọ́ nílé wa? Ọjà tí a ná lónìí, ọrọọrún ni à ń ná an, òní gan-an la sì fi ń bẹ̀rẹ̀: òní ni ìkíní, ọ̀la ni ìkejì, títí ọjọ́ karùn-ún yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Àwẹ̀ró ka ọjọ́ Olúwa. Ó fi Àìkú ṣe ìkíní, ó fi Ajé ṣe ìkejì, nígbà tó máa ka méje, Àbámẹ́ta ló bọ́ sí. Ó lu agogo, ìjọ péjọ. Ó tún fi Àbámẹ́ta yẹn ṣe ìkíní, ìkeje bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ó lu agogo, ìjọ péjọ. Ọjọ́ Olúwa ń fi ẹ̀yìn rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà, inú wọn ń dùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Fadá dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun àti Láṣebìkan, ọkùnrin tó máa ń ru àpótí rẹ̀. Ó bá ṣọ́ọ̀ṣì lófìfo. Ewúrẹ́ méjì ló sùn sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo abúlé ti gba oko lọ. Fadá jókòó, ó jókòó, títí oòrùn fi kàn án látàrí. Ìgbà tó yá ni Àwẹ̀ró ń ti oko bọ̀ níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, igi ìdáná lórí, ọkọ́ léjìká. Bó ṣe rí Fadá, ó sọ igi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Fadá! Ẹ mà tètè dé o. Ọ̀la ni Àìkú."

Yéè! Ojú Fadá pọ́n bí epo. "Ṣé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Òní ni Àìkú! Ṣé kí n gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ méjì kí n wá bá ewúrẹ́ ṣe Máàsì?" Ó nàka sí agogo tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ń padà bọ̀, n kò sì ní dá ọjọ́ fún yín. Bí mo bá tún dé tí mo rí i pé ẹ kò pa Àìkú mọ́, n ó gbé agogo yìí lọ sí Ìdóforò. Máàsì parí níbí nìyẹn."

Òkè mẹ́ta ló wà láàárín wa àti Ìdóforò. Arúgbó wo ni yóò gùn wọ́n? Àwẹ̀ró mọ̀ pé bí agogo yẹn bá kúrò ní Òkè-Ìsà, àwọn arúgbó ìjọ yóò kú láìtún gba Ara Olúwa mọ́, ọwọ́ òun ni ọ̀rọ̀ náà sì ti bàjẹ́. Ojú tì í. Ó sunkún níwájú àwọn tó bí lọ́mọ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Fadá ń lọ, Àwẹ̀ró sáré bá Láṣebìkan lọ́nà.

"Láṣebìkan, mo bẹ̀ ọ́, báwo ni Fadá ṣe ń ka ọjọ́ tirẹ̀?"

Láṣebìkan ní, "Ìyá, kì í ka òní mọ́ ọn. Ọ̀la ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. "Háà! Ọjọ́ kan ṣoṣo!"

Ẹlòmíràn ì bá ní ó tán, ó ti mọ̀ ọ́n kà. Àwẹ̀ró kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní orí kan ló ṣì í kà, bí ibà bá dá orí kan náà dúbúlẹ̀ lọ́la ńkọ́? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó pinnu pé gbogbo abúlé ni yóò máa ka ọjọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọn yóò sì máa fi kà á.

Ó gba ilé Baálẹ̀ Ògúnṣọlá lọ. Baálẹ̀ kì í ṣe Àgùdà, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn wàhálà. Àwẹ̀ró ní, "Baálẹ̀, agboolé mẹ́fà la jẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ló wà kí Àìkú tó dé. Ẹ jẹ́ kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ kan, kí ó máa ṣe iṣẹ́ kan lọ́jọ́ náà fún àwọn tí agbára wọn ti tán."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, mo gbọ́ pé Fadá bú ọ. Ṣé àwa tí a kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì la ó wá bá ọ pín nínú èébú náà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pọn omi fún ìyá yín?"

Baálẹ̀ yíjú sí ẹnu yàrá. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Àwọn ìyàwó ilé, kálukú ń ti iṣẹ́ omi náà sí ọrùn ẹnì kejì. Láti inú yàrá ni ohùn arúgbó náà ti jáde.

"Ògúnṣọlá, gbà fún un. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn o! Agboolé Baálẹ̀ mú ọjọ́ Ajé, wọ́n ń pọn omi kún ìkòkò gbogbo arúgbó abúlé. Àwọn kan ń ṣán ọ̀nà odò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan ń ro oko aláìsàn ní Ọjọ́rú. Ilé Ọdẹ gba igi ìdáná opó, Ọjọ́bọ̀ ni tiwọn. Ilé Jagun ní àwọn yóò máa se ẹ̀wà lọ́jọ́ Ẹtì fún ẹni tí kò ní ẹni tí yóò dáná fún un. Ẹ̀wà àkọ́kọ́ tí wọ́n sè, ẹ jẹ́ kí n má purọ́, òkúta inú rẹ̀ lè kọ́ ilé. Wọ́n gbọ́ èébú, wọ́n sì kọ́gbọ́n. Àwẹ̀ró mú Àbámẹ́ta fún ilé tiwa: ká gbá ṣọ́ọ̀ṣì, ká sì pariwo fún gbogbo abúlé pé ọ̀la ni Àìkú. Ta ló wá fẹ́ gbàgbé ọjọ́? Bí ilé kan bá sùn gbàgbé, arúgbó tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò figbe ta.

Òjò dé. Odò Ìsà kún, ó gbé afárá lọ. Oṣù mẹ́rin gbáko, Fadá kò yọjú. Àwọn kan ní kò ní wá mọ́, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n máa pọn omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orin gba ṣọ́ọ̀ṣì kan, ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà, ni Fadá bá wọlé. Ó ti rù, ó ń fi ọ̀pá rìn. Gbogbo ènìyàn dìde pẹ̀lú ayọ̀, ṣùgbọ́n Fadá ju ọwọ́ sókè.

"Ẹ tún ti ṣì í kà! Àbámẹ́ta lòní! Mo rọra wá lónìí kí n lè rí yín lọ́la!"

Àwẹ̀ró wo agogo, ó wo àwọn arúgbó tó jókòó síwájú. Lẹ́yìn náà ló gbórí sókè.

"Fadá, mo ti jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan. Lónìí, n kò jẹ̀bi. Ilé Jagun, ìgbà wo lẹ se ẹ̀wà?"

Wọ́n ní, "Ìjẹta!"

"Ilé Ọdẹ, igi yín ńkọ́?"

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin lónìí!"

Ẹ wá wo ìyanu. Ìyá Baálẹ̀, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, tí wọ́n fà lọ́wọ́ wá gbọ́ orin lọ́jọ́ náà, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Òyìnbó, èmi kò ríran, ṣùgbọ́n ikùn mi ríran. Mo mu omi Ajé, mo yá iná Ọjọ́bọ̀, mo jẹ ẹ̀wà Ẹtì. Àná ni mo gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bí òní kò bá jẹ́ Àìkú, a jẹ́ pé èmi ni mo jẹ ẹ̀wà lójú àlá."

Láṣebìkan wá wúkọ́ lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Fadá, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí ibà kọ lù yín lọ́nà, ẹ sùn odidi ọ̀sán kan àti òru rẹ̀, ẹ kò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́. Àìkú lòní."

Fadá bọ́ fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ lu àyà níwájú gbogbo wọn. "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi gidigidi ni. Ìyá Àgátà, èmi ni mo ṣì í kà."

Hòó! Ariwo ayọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, ẹyẹ kò bà lórí igi mọ́. Àwọn obìnrin gbé Àwẹ̀ró sókè tòun ti gígùn rẹ̀, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jó, Fadá sì ṣe Máàsì tó pẹ́ títí oòrùn fi yẹ̀. Agogo kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́ láéláé. Láti ìgbà náà, bí Fadá bá ti dé etí abúlé, kí ó tó sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ti ń ké pé, "Ìyá Àgátà, òní ọjọ́ wo?"

Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Àwẹ̀ró, tí a kì í fi í kánjú pe orúkọ ọmọ tuntun nílé wa. Lọ́jọ́ ìkómọ, bàbá ọmọ ni yóò kọ́kọ́ pọn omi lọ sí ilé ẹni tó dàgbà jù ní Òkè-Ìsà, ẹ̀sìn yòówù tí onítọ̀hún ì báà ṣe. Arúgbó náà yóò mu nínú omi náà, yóò gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, yóò sì sọ ọ́ sí i létí pé, "Òní ọjọ́ báyìí ni, omi rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi." Ìgbà náà ni ọmọ tó di ọmọ wa. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi yìí, kò sí ẹni tí a kò ṣe é fún.