Nọ́ńbà Tí Mo Gé Lára Mọ́tò Bàbá Perpetual

Perpetual, má gé mọ́tò yẹn. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí mi ò mọ ìgbà tí èémí mi máa dá. Dókítà ní èéfín iná wẹ́dà ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, pé kí n lọ tún ilé mi tò. Ilé wo ni mo fẹ́ tò? Irọ́ ló kún inú rẹ̀, òun náà ni mo ń kó síta lónìí kí gbogbo Ajégúnlẹ̀ gbọ́. Èmi Àdùfẹ́, obìnrin wẹ́dà Boundary, tí mo fúnra mi kọ́ iṣẹ́, tí mo ti bú ọlọ́pàá lójú ọlọ́pàá, tí mo ti lé sójà jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń fọ́nnu pé ẹ̀rù kì í bà mí. Irọ́ ni! Ó bà mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù yẹn ló sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ àlè lójú ayé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ náà wọlé tọ̀ mí wá. Perpetual ti dàgbà, ó ń ránṣọ. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Ma. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gé mọ́tò Alfa bàbá mi tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí n ta irin rẹ̀. Ayédèrú ni, kí ni mo tún ń tọ́jú ẹ̀ fún?" Ó wá ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò yìí, ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀yin gé e nìyẹn." Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ọmọ yìí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bayé ẹ̀ jẹ́!

Ettore ni bàbá rẹ̀, ará Ítálì tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island. Diepreye, ìyá Perpetual, ló ń se oúnjẹ fún wọn níbẹ̀. Ettore gbé Alfa Romeo kan wá láti ìlú rẹ̀, mọ́tò eléré onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹní. Nígbà tí àìsàn fẹ́ mú un lọ lọ́dún 1984, ó sọ fún Diepreye pé, "Àbúrò mi Renato máa wá. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin mọ́tò yìí ló máa fi dá ọmọ mi mọ̀, torí àwa méjèèjì la jọ lọ gbà á níbi tí wọ́n ti ṣe é." Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú, wọ́n fi ti Pẹ́jò rọ́pò, nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì sì bá a lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ nìkan ló kù tí gbogbo wa mọ̀ pé ó lè jẹ́rìí. Mo mọ gbogbo èyí. Diepreye fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Lọ́dún 1987, ilẹ̀ mọ́tò náà dípẹtà, Diepreye ní kí n bá òun jó o. Ẹ̀rọ àyálò ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ni Dickson bá dé, ẹni tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ó ní irú Alfa yẹn gan-an lọ́wọ́, ti olè, olówó kan sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n olówó náà ní mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ lòun ń fẹ́. "Àǹtí, ẹ gé ti òkú mọ́tò yìí fún mi, kí n fi sára tèmi."

"Dickson, ti ọmọ òrukàn ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ńbà kì í sunkún, Àǹtí mi. Ẹ̀rọ wẹ́dà tuntun ńkọ́? Ó wà nínú kọ̀ǹténà mi."

Ẹ wo ojúkòkòrò! Mo gé e. Mo fi irin mọ́tò kan tó ti jóná dí ojú rẹ̀, tòun ti nọ́ńbà tirẹ̀, mo fá a, mo kùn ún. Inú mi tilẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi! Lọ́jọ́ kejì mo tú awọ inú ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an sẹ́yìn awọ yẹn. Mo dá a padà, mo panu mọ́.

Renato dé lọ́dún 1991, tòun ti ìwé mọ́tò. Àdúgbò pé. Perpetual wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dúró ti ilẹ̀kùn. Renato wo ìwé, ó wo nọ́ńbà, ó tún wo ìwé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ayédèrú! Ẹ lọ ra àlòkù ibòmíràn, ẹ fẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ wọ ìdílé wa!" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo jó ilẹ̀ mọ́tò yìí. Ṣé o fọwọ́ kan ibi nọ́ńbà?" Awọ ilẹ̀kùn yẹn ò jìnnà sí ọwọ́ mi. Ká ní mo fà á ni, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnu mi tó yá ju ti gbogbo Boundary lọ, kí ló sọ? "Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ bi ìyá ọmọ léèrè ibi tó ti rí mọ́tò." Háà! Èmi Àdùfẹ́! Diepreye wò mí. "Àdùfẹ́?" Ẹnì kan kígbe láàárín èrò, "Òyìnbó ayédèrú!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, orúkọ tí wọ́n sì ń pe ọmọ náà títí dòní nìyẹn. Renato lọ. Diepreye kú kí ọdún tó yí. Ẹ̀rọ wẹ́dà tí Dickson fún mi ni mo fi jó àgbélébùú tó wà lórí sàréè rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Mo sì ní, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ wẹ́dà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gé nọ́ńbà lára mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ló ni ín. Perpetual, fi súkúdíráfà tú awọ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Má fi kẹrosíìnì nu ẹ̀yìn rẹ̀ o, pẹ́ńsù ni, ó lè parẹ́. Àwọn ará Snake Island ṣì mọ ibi tí Renato wà. Ránṣẹ́ pè é, mo máa sọ ọ́ lójú rẹ̀ àti lójú gbogbo èrò tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ máa gbé mi débẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá bú mi, tàbí kí o dárí jì mí, èyí tó bá wù ọ́. Mi ò ní tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, ọmọ Ettore, má gé mọ́tò bàbá rẹ.