Ìwé Ara Àpò Tí Mo Gé Fún Mummy Alápẹ̀rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí tí màá fi sọ̀rọ̀ mi tán. Ológbò kan wà ní Alápẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ Sísí. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Tó bá ń rìn nínú pálọ̀, ṣe ló máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan gbá ara ògiri lọ, tí wọ́n bá sì ti sún àga díẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, á forí sọ ọ́, á dúró, á wá máa fi ọwọ́ tọ́ ọ wò bóyá ọ̀nà wà níbẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ojú yẹn. Mi ò fi igi gún un, mi ò da omi gbígbóná sí i. Oúnjẹ ni mo fi fọ́ ọ. Ìyá àgbà tó ni ín kò mọ̀. Ọmọ mi ló ń pè mí, kò sì sí ọjọ́ tó máa wá rajà lọ́dọ̀ mi tí kò ní gbàdúrà fún mi. Ní báyìí, ọkàn Sísí ti ń dẹ̀, dókítà ń wá ohun tó ń ṣe é kiri, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi ni ìdáhùn wà. Irú ènìyàn wo ni mo wá dà yìí?

Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni mò ń tà ní Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòsí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí mi sí, ilé ọkọ ló gbé mi dé Èkó. Àwọn oníbàárà mi kì í pe orúkọ mi, Aunty Fíìdì ni gbogbo wọn mọ̀ mí sí. Oúnjẹ adìyẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì gbówọ́ nídìí rẹ̀ dáadáa. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi lónìí, màá gbóòórùn rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò ra á, màá sì sọ fún yín bóyá ẹja tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀ pọ̀ tàbí eèrí ni wọ́n fi kún un. Mo mọ̀ pé tí oúnjẹ adìyẹ tó ń yé bá tán, tí ènìyàn sì fún un ní ti èyí tó ń dàgbà fún ọjọ́ díẹ̀, ẹyin lè dín kù, àmọ́ adìyẹ kò ní kú. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló kó bá mi, torí mo rò pé bí mo ṣe mọ adìyẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe mọ gbogbo ohun tó ń jẹun.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí eku ṣe pọ̀ tó lágbègbè wa. Láti Mile 12 títí wọ Ìkòsí, ibi tí oúnjẹ bá wà ni eku wà. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sin ológbò, tí wọ́n sì ń béèrè oúnjẹ gbígbẹ oníhóró yẹn, mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ń ra odindi àpò níbí. Kóńgò la fi ń wọ̀n ọ́n, a ó dà á sínú ọ̀rá, a ó so ó, ó parí. Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí oníbàárà ń gbé lọ ni hóró inú ọ̀rá, ìwé tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ náà sí kì í kúrò lára àpò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi nìkan ni mo láǹfààní láti kà á, èmi náà kì í sì í kà á. Àwọ̀ ni àwọn oníbàárà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á ní ẹran ni pupa, ẹ̀fọ́ ni èyí tó dà bí ewé, ẹja ni ti funfun, èmi á sì máa mi orí bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sè é.

Báyìí ni Mummy Alápẹ̀rẹ̀ ṣe di oníbàárà mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń dá gbé pẹ̀lú Sísí. Wọ́n sọ ọ́ ní Sísí torí bó ṣe máa ń yan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Ẹja ni wọ́n ń sè fún un tẹ́lẹ̀, wọ́n á yọ egungun rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Mummy, ẹ má da ara yín láàmú. Oúnjẹ yìí ti complete, kò nílò ẹja kankan mọ́." Ṣé mo mọ̀ bóyá ó pé tàbí kò pé? Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa rà á ni. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì dáwọ́ ẹja dúró. Sísí kì í jáde síta, kì í pa eku, oúnjẹ tó bá tọwọ́ mi wá nìkan ló kù tó ń jẹ. Tí ẹsẹ̀ bá ń dun Mummy, èmi fúnra mi ni mo máa ń gbé e lọ fún wọn nílé.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹni tó ń gbé oúnjẹ ológbò wá fún mi kò wá mọ́. Mo retí ọ̀sẹ̀ kan, mo retí ìkejì. Àpò tán pátápátá. Mo wẹ̀yìn, mo rí àpò oúnjẹ ajá tó ní hóró wẹ́wẹ́. Mo bu díẹ̀ sọ́wọ́, mo gbóòórùn rẹ̀: àgbàdo, eèrí àlìkámà, sóyà, òórùn ẹran fẹ́ẹ́rẹ́. Mo sọ fún ara mi pé kí ni ìyàtọ̀? Mo tú oúnjẹ ajá sínú àpò ológbò, mo gbé e síwájú. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Nígbà tí ẹni yẹn máa fi padà dé, owó ọjà rẹ̀ ti fò sókè, àwọn oníbàárà mi kò sì ké gbàjarè. Ọ̀sẹ̀ kan wá di oṣù, oṣù wá ju ọdún kan lọ. Ológbò àwọn yòókù ń pa eku, wọ́n ń jí ẹja nínú ìkòkò, wọ́n ń rí ohun tí mo fi dù wọ́n níbòmíràn. Sísí kò ní ibòmíràn.

Ìgbà tí Mummy kọ́kọ́ sọ fún mi pé Sísí ń forí sọ nǹkan, mo ní àgbà ló ń dé sí i. Nígbà tó yá, ó hàn gbangba pé kò ríran mọ́. Ẹyin ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ rekete, síbẹ̀ kò rí ọwọ́ tí wọ́n ń jù níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà ní ológbò tó fọ́jú lójijì kì í ṣojú lásán, pé kí Mummy gbé e dànù sí ẹ̀bá Ìkòròdú Road. Mummy kọ̀. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Mummy di ẹ̀bi náà ru ara wọn. Wọ́n ní oògùn apakòkòrò tí àwọn fi ń fọ ilẹ̀ ló ta sí i lójú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sunkún pé òun fi ọwọ́ ara òun fọ́ ojú ọmọ òun. Mo fún wọn ní omi tútù. Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́. Ó mọ síbẹ̀.

Wọ́n gbé Sísí lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Anthony. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ béèrè ni oúnjẹ tó ń jẹ. Lọ́jọ́ kejì, Mummy dé ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọmọ mi, dókítà ní kí n mú ìwé ara àpò oúnjẹ Sísí wá o. Wọ́n fẹ́ check ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún mi láti sọ òótọ́. Ṣé mo sọ ọ́? Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé ìwé ara àpò ológbò fún wọn, àpò tí oúnjẹ ajá wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́.

"Ọlọ́run á máa gbọ́ tìẹ náà," Mummy ní. Mo ṣe àmín.

Dókítà ka ìwé náà, ó ní oúnjẹ yìí dára, kí wọ́n máa fún un lọ, pé ó ní láti jẹ́ nǹkan mìíràn ló fọ́ ọ lójú. Irọ́ mi ló darí rẹ̀ gba ibòmíràn.

Ọjọ́ tí Mummy sọ ìyẹn fún mi, tí wọ́n sì dá ìwé náà padà, ni mo jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo tẹ́ ìwé ara àpò méjì sórí tábìlì, ti ajá àti ti ológbò, mo kà wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sára ti ológbò ni ẹran adìyẹ tí wọ́n gbẹ tí wọ́n sì lọ̀, ẹja sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ lára ti ajá ni àgbàdo. Mo rí ọ̀rọ̀ kan lára ti ológbò tí kò sí lára ti ajá: tọ́ríìnì. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin, Láńre, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ní Abẹ́òkúta, mo bi í pé kí ni tọ́ríìnì.

"Sister mi, ajá máa ń ṣe é fúnra ẹ̀ nínú ara. Ológbò ò lè ṣe tó, inú ẹran àti ẹja ló ti ń rí i. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ajá nìkan ni wọ́n ń fún un, ojú ẹ̀ lè fọ́, ọkàn ẹ̀ náà á máa dẹ̀. Ojú yẹn ò ní padà mọ́ o. Ọkàn lè padà, tí dókítà bá tètè mọ̀. Àbí ẹ ní ológbò ni?"

Mo ní rárá, oníbàárà kan ló bi mí. Ẹ tún gbọ́ irọ́ mìíràn!

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí Láńre sinmi. Mo ní kó kọ́ mi, ó sì kọ́ mi. Bí nǹkan bá ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ ni wọ́n ṣe ń tò ó sára àpò, èyí tó wúwo jù ló máa ṣáájú. Àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Wọ́n lè kọ ẹran tútù ṣáájú, kó jẹ́ pé omi ló fún un ní ìwọ̀n yẹn. Wọ́n lè pín àgbàdo sí mẹ́ta, kí wọ́n kọ àgbàdo síbí, eèrí àgbàdo sọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná sísàlẹ̀, kí ẹran lè dà bí ọ̀gá wọn. Àwọ̀ pupa kì í ṣe ẹran, aró ni. Hóró tí òórùn rẹ̀ bá ti dà bí òróró àtijọ́ ti bàjẹ́, ọjọ́ tó wù kí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀. Èmi tí mò ń fi imú yangàn! Imú mi kò lè gbóòórùn tọ́ríìnì, ojú ló yẹ kí n fi kà á.

Mo da gbogbo èyí tó wà nínú àpò yẹn padà sí ti ajá. Mo ra oúnjẹ ológbò gidi, òun ni mo sì ń wọ̀n fún Mummy láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, láìsọ nǹkan kan. Mo fi ẹja tútù ta wọ́n lọ́rẹ, mo ní kí wọ́n máa sè é fún Sísí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé ara àpò kọ̀ọ̀kan ni mo fi kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, mi ò sì ní wọn kóńgò kan fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kà á fún un. Gbogbo ẹni tó ra ti ológbò lọ́wọ́ mi láàárín ọdún náà tí mo ṣì rí ni mo ti sọ fún pé mo ta ti ajá fún wọn. Àwọn kan bú mi. Ọkùnrin kan láti Sangisa ní òun kò ní tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ó tọ́ sí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì sọ fún, ẹ̀yin náà sì mọ ẹni náà.

Mo tan ara mi jẹ pé oúnjẹ gidi tí Sísí ti ń jẹ á tún un ṣe ní kọ́lọ́fín. Àná ni Mummy wá. Wọ́n ní kò lè gun àga mọ́, ó ń mí gúlegúle, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ń dẹ̀, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀. Dókítà tún béèrè nípa oúnjẹ. Inú bí Mummy. Wọ́n ní, "Mo ní kó fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre. Ẹni tó gé ìwé fún mi tayọ̀tayọ̀, ṣé ẹni tó ní nǹkan láti fi pa mọ́ nìyẹn?" Wọ́n gbèjà mi. Ìgbèjà tí wọ́n gbà fún mi yẹn ló lè pa Sísí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mi ò bi yín bóyá kí n lọ. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa láàárọ̀ yìí. Mo ti gé ìwé ara àpò ajá, ó wà nínú báàgì mi, nọ́ńbà Láńre wà lẹ́yìn rẹ̀ kí dókítà lè bá a sọ̀rọ̀. Tí Mummy bá gbá mi létí, màá dúró kí wọ́n tún gbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọ́n bá lé mi, màá gbé ìwé náà lọ sí Anthony fúnra mi, màá sì sọ ọ́ fún dókítà lójú. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ lọ wo ohun tí ẹ ń rà nínú ọ̀rá fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ nílé yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé àpò rẹ̀ wá, kí ẹ kà á lójú ara yín. Tó bá ní kò sí àpò, ẹ máa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà mí bí mo ṣe fẹ́ lọ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn yìí. Kì í ṣe Mummy. Sísí mọ ohùn mi, ó mọ̀ pé èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ wá. Tí mo bá ti kí Mummy lẹ́nu ọ̀nà, á tọ ara ògiri wá, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ìdí ẹsẹ̀ mi, á sì fi orí ra mí lẹ́sẹ̀.