Eku Márùn-ún Inú Àgò Kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́kun, nítorí ohun tó ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọ́dọ̀ bá mi wọlẹ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ wà nínú ikùn mi. Mo ní kò burú, ó bá àlejò níbẹ̀, àlejò náà sì ti pẹ́ níbẹ̀ jù ú lọ. Anasoko ni orúkọ mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, arúgbó aláriwo tí gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Ìdí mi tóbi, ẹnu mi sì tóbi ju ìdí mi lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó yẹ kí ẹnu yìí là, tí mo pa á dé pátápátá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé mò ń tọ́jú eku funfun ní yunifásítì kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní abúlé wa ní Phalombe, bí a bá pa eku, a ó fi iyọ̀ sè é, a ó tò ó sáàárín igi, a ó sì fi jẹ ńsímà, òkèlè àgbàdo wa. Ní yunifásítì, wọ́n fún eku ní oúnjẹ tó dára ju tèmi lọ, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì tún fún un ní èmi, kí n máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá náà, itọ́ kún mi lẹ́nu, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá mi rí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gba oyè másítà nínú ìmọ̀ oògùn, èyí tí wọ́n ń pè ní famakọ́lọ́jì, á wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti ìwé rẹpẹtẹ. Bí eku bá fò, ìwé á fò, akẹ́kọ̀ọ́ náà á fò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́ wọn ní ohun tí oògùn ń ṣe nínú ara. Èmi ni mo kọ́ wọn bí a ṣe ń di eku mú lẹ́yìn ọrùn tí kò fi ní ge èèyàn jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni Lusungu Nyirenda ṣe wá. Ọmọ Karonga ni, ìlú kan ní òkè adágún ńlá ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́fà ka oògùn fún aláìsàn lójú fèrèsé ilé ìwòsàn kó tó rí àyè kàwé sí i. Òun nìkan ni kò pariwo. Ó gbé eku, ó wojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni ẹ máa gbé mi dé ibi tí mò ń lọ." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Mo ní, "Eku ló máa gbé ọ? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun lónìí?" Ó ní òun ò tíì jẹun. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹun nínú abọ́ mi, tó sì ń pè mí ní Màmá.

Èèpo igi kan ló ń yẹ̀ wò, èyí tí àwọn èèyàn wa ń sè mu fún àtọ̀gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí Lusungu fẹ́ mọ̀ ni bóyá kò ní pa ẹni tó bá ń mu ún pẹ́. Eku ogójì ló kó jọ, mẹ́wàá nínú àgò kọ̀ọ̀kan. Àgò kìn-ín-ní ń mu omi lásán, ìkejì ń mu oògùn díẹ̀, ìkẹta ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkẹrin ló ń mu èyí tó pọ̀ jù. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ gbáko ni wọ́n máa fi mu ún. Èmi ni mò ń fi aró aláwọ̀ ìyeyè sàmì sí wọn lára kí a lè dá wọn mọ̀, ti èyí lórí, ti èyí lẹ́yìn, ti èyí nídìí ìrù. Bí aró náà bá ti ń ṣí, èmi ni mo tún ń kùn ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta, wọ́n pe Lusungu sí Lilongwe, olú ìlú wa, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ ìjọba ni, níbi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò kó tó dé ọjà. Ọjọ́ Ẹtì ló lọ, ọjọ́ Ajé ni yóò dé. Ó ní, "Màmá, mo fi àwọn ọmọ mi tì yín o." Mo ní, "Máa lọ jàre. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o ò mọ̀, fi eyín funfun yẹn hàn wọ́n." Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà ni èmi náà wọ ọkọ̀ lọ sí Phalombe. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló ń gbéyàwó. Mo ní mo máa padà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ọtí kachasu? Ọtí líle tí wọ́n ń pọn nílé, tó ń mú kí opó gbàgbé pé ọkọ òun ti kú. Mo jó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo jó ní ọjọ́ Àìkú títí ìró mi fi tú, wọ́n ní kí n tún jó, mo sì tún jó. Ọmọ ọdún márùn-úndínlọ́gọ́ta!

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ìgò omi ti gbẹ táútáú. Àgò kìn-ín-ní, ó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Ìkejì, wọ́n wà. Ìkẹta, wọ́n wà. Ní àgò kẹrin, eku mẹ́ta ti le gbagidi, ẹ̀kẹrin ń mí ìmí ìkẹyìn, ó sì dákẹ́ lọ́wọ́ mi. Ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi ọtí. Mo dúró, mo sì ronú. Òǹgbẹ kì í ṣojúsàájú. Omi gbẹ fún gbogbo wọn, kí ló dé tó jẹ́ àgò kẹrin nìkan ni ikú wọ̀? N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ eku. Oògùn náà ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ ṣáájú, òǹgbẹ kàn wá tì wọ́n ṣubú ni. Ìdáhùn tí Lusungu ń wá ló nà gbalaja síwájú mi yẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ pé wọ́n kú, mo ní láti sọ pé wọn ò rómi mu. Kí n tó lè sọ ìyẹn, mo ní láti sọ ibi tí mo wà.

Mo ṣa eku mẹ́rin nínú àwọn tí a fi ń bímọ, tí wọn kò sí nínú ìdánwò náà. Mo bu aró, mo kùn wọ́n lórí, lẹ́yìn, nídìí ìrù, léjìká òsì. Mo da àwọn òkú sínú iná pàǹtí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí dòní ni pé orin ìgbéyàwó wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kùn wọ́n.

Lusungu dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ nínú bébà. "Màmá, àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n sanra bí ìyá ọkọ." Ó dì mọ́ mi, ó ní àwọn ará Lilongwe ti fẹ́ gba òun, iṣẹ́ ìwádìí yìí ló kù. Mo jẹ ẹja náà. Ó dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo lá ìka mi. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé nọ́ńbà karùn-ún sórí òṣùwọ̀n. "Màmá, ẹ wá wò ó! Karùn-ún ti sanra sí i!" Mo ní, "Èmi ló fìwà jọ. Oúnjẹ kì í kọjá lójú rẹ̀." A rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òmíràn tún kú nínú àgò kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, omi wà níbẹ̀, kò sì sí ìgbéyàwó kankan tí mo lè tì í sí lọ́rùn. Bí mo bá fi òkú yìí hàn, wọ́n á béèrè bí àwọn yòókù ṣe wá ń ta kébékébé. Mo tún bu aró. Ẹ̀karùn-ún nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó pé àádọ́rùn-ún, wọ́n la inú àwọn eku náà wò. Kíndìnrín àwọn tèmi ń dán bí ẹ̀wà pupa. Ti àwọn márùn-ún yòókù wú díẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ní kò tó nǹkan. Lusungu gboyè, iṣẹ́ Lilongwe bọ́ sí i lọ́wọ́, oníṣòwò kan sì di èèpo igi náà sínú páálí, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Chiwaula ni aṣọ́nà wa lẹ́nu géètì. Ọ̀rẹ́ mi ni, a kì í pàdé kí a má bú ara wa. Ó ní àtọ̀gbẹ. Lọ́jọ́ kan ó fi páálí náà hàn mí. "Anasoko, ìyàwó mi tí mi ò tíì san owó orí ẹ̀, ìwọ lo wà níbẹ̀. Nǹkan yìí ò ní pa mí, àbí?" Ó ń fi ṣeré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí. Mo ní, "Eku ò kú, ìwọ lo máa kú? Ìwọ tí o le ju eku lọ." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ ló fi mu ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, kò lè tọ̀ mọ́. A sin ín kí òjò tó dé. Èmi ni mo ro ńsímà níbi òkú rẹ̀, mo sì sunkún ju ìyàwó rẹ̀ lọ, tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé, "Ẹ wo bí Anasoko ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yìí tó."

Òun nìkan kọ́ ló kú. Àwọn onímọ̀ níbòmíràn tún ìdánwò náà ṣe, eku wọn kú. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Lusungu dúró síwájú àwọn márùn-ún tó jókòó sídìí tábìlì gígùn, wọ́n bi í pé, "Ṣé o kọ ohun tí o ò rí?" Ó ní, "Ohun tí mo rí ni mo kọ. Ẹ bi Màmá, ojoojúmọ́ la jọ wà níbẹ̀." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo mọ eku kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀, mo tẹ orí ba, mo sọ ara mi di òpè, mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ìdọ̀tí ni mo máa ń gbá. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìwé." Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Eku kò lè sọ̀rọ̀. Chiwaula ti dákẹ́. Ọmọ yìí wà láàyè, ó ń wò mí, ó ń dúró de ẹnu mi.

Wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ lọ. Ó padà sí Karonga, ó ń ta oògùn orí fífọ́ nínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kórè, ó máa ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwé kékeré: "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò dárúkọ mi ní búburú." Ọdún méjìlá ni mo fi jẹ ìrẹsì yẹn.

Ní oṣù tó kọjá, lẹ́tà dé fún Tiyamike, ọmọ ọmọ mi. Wọ́n ti gbà á fún oyè másítà nínú famakọ́lọ́jì, ní yàrá eku mi gan-an. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. "Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di eku mú!" Nǹkan já nínú mi, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ní kó bá mi pe Lusungu.

Ó dé lọ́sàn-án, ó gbé àpò ìrẹsì sẹ́nu ọ̀nà. Ewú ti ta sí i lórí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìrẹ́rìn-ín. Kò sunkún. Ó yọ ìwé àti bírò, ó ní, "Èwo àti èwo?" Mo ní, "Àgò kẹrin. Ìkejì, ti orí. Ìkarùn-ún, ti ẹ̀yìn. Ìkẹfà, ti èjìká òsì. Ìkẹsàn-án, ti ìdí ìrù. Lẹ́yìn náà ni ìkẹta, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún." Ó ń kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó padà sí èkejì tó kọ, ó fi ìka lé e. "Karùn-ún sanra," ó ní. "Mo rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò béèrè, torí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. "Ọdún méjìlá ni mo fi rò pé ojú mi ló fọ́." Ó gbé ìwé náà síwájú mi. "Ẹ fọwọ́ sí i, Anasoko." Kò pè mí ní Màmá. Mo fọwọ́ sí i. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyàwó Chiwaula ni òun máa kọ́kọ́ gbé e lọ, kí òun tó gbé e dé yunifásítì. Ó sì jáde.

Ìyàwó Chiwaula, bí o bá ti ka ìwé náà, mo wà nílé, wá tutọ́ sí mi lójú, n kò ní nù ún. Lusungu, n kò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí. Mò ń bẹ̀bẹ̀ síbẹ̀, torí ẹ̀bẹ̀ ló kù tí arúgbó lè ṣe. Tiyamike, eku á kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Bó bá kú, kọ ọ́ pé ó kú. Bó bá jẹ́ ìwọ lo pa á, kọ ìyẹn náà, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹja dé fún ọ.

Àpò ìrẹsì náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ó gbàgbé rẹ̀ ni, bóyá kò gbàgbé. A ò tíì sè é.